Ọ̀sẹ̀ Kan Tí Wọ́n Fún Mi

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tútù ló máa ń jí mi láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú nílé wa ní Idaw River Layout, ní Enugu. Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, ó sì máa ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ní àárọ̀ tí mò ń wí yìí, aṣọ tèmi ló ń lọ̀. Yunifásítì ti gbà mí, owó tí n ó fi wọlé ni kò sí. Ìrànwọ́ ìjọba níbi tí wọ́n bí mi sí, ọmọ onílẹ̀ ló wà fún. Ti ìpínlẹ̀ bàbá mi, wọ́n ní kí n gba lẹ́tà wá láti ìlú tí mi ò sùn sí rí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Enugu, tó ń ṣèpàdé lẹ́yìn mọ́sálásí, nìkan ló kù.

Bàbá ti sọ fún mi pé kí n kúnlẹ̀, kí n sọ agboolé wa, kí n sì ki oríkì ilé wa díẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tèmi lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí mo ṣe fẹ́ di lọ́yà, mo sì ti há a sórí níwájú dígí.

Mo dúró ṣánṣán níwájú àwọn àgbà tó jókòó nídìí tábìlì, mo wò wọ́n lójú kòrókòró: "Good morning, distinguished elders." Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn, pé ẹni tó bá ń wá nǹkan kó gbé orí sókè. Nígbà tí mo parí, bàbá mi ń wo bàtà rẹ̀.

Alága, bàbá arúgbó kan tó ń ta táyà ní Awkunanaw, rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ọmọ ta ni ẹ́?"

"I be Tailor pikin, sir."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Ìyẹn lẹni tó bí ẹ. Àwọn tó bí òun ńkọ́? Lọ jókòó ti bàbá ẹ. A ó rí ẹ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí Bàbá ṣe ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń kọ́ mi ní oríkì.

"Papa, dis one hard o."

"Tún un sọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé reluwé ló gbé bàbá bàbá mi wá sí Enugu, àti pé ẹlòmíì ló máa ń bá a kọ lẹ́tà sílé. Ó dùn mí pé mi ò béèrè rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kúnlẹ̀. Oríkì náà já mọ́ mi lẹ́nu níbi mẹ́ta, Bàbá sì ń mi ètè láti orí ìjókòó rẹ̀ bíi pé òun ni wọ́n ń bi. Wọ́n gbà láti ràn mí lọ́wọ́. Àlàájà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Lọ́yà tó o ní o fẹ́ ṣe yìí, ṣé ó wù ẹ́ ni àbí orúkọ ẹ̀ ló dùn létí? Mo ti rí èsì ìdánwò ẹ. Ìṣirò lo mọ̀." Mo sunkún délé, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí.

Èmi náà ti wà lára àwọn tó ń jókòó nídìí tábìlì yẹn báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé, ó dúró ṣánṣán, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì fún wa láti inú fóònù. Kò tilẹ̀ tẹ orúnkún. Mo ti mú bírò láti fagi lé orúkọ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí alága wa, kí Ọlọ́run forí jì í. Oníṣòwò táyà fún mi ní odindi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi tíṣà, mi ò fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú ara mi tì mí.

Mo gbé bírò sílẹ̀.

"Ọmọ mi," mo ní, "ọmọ ta ni ẹ́?"