Ọjọ́ Tí A Dìde Gbàdúrà Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lórí omi, torí tí n kò bá sọ ọ́, inú mi ò ní balẹ̀!

Ìdíkọ̀ Lotto ní Mowe níbí ni mo ti ń ṣe irun. Màámi ń gbé lọ́dọ̀ mi, àwọn sì ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Mowe, ẹ mọ̀ pé àdúrà kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹnikẹ́ni kì í jókòó gbàdúrà. Aboyún pàápàá ń dìde!

Lóṣù tó kọjá, Màámi ní ká kó aṣọ àti ìrẹsì lọ fún àwọn ará abúlé apẹja kan létí ọ̀sà. Obìnrin méje ni wá. A dé etí odò lẹ́yìn Ibafo, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa ti dẹnu kọlẹ̀. Bàbá ọlọ́kọ̀ kan ní òun lè fi ọkọ̀ ìgbòkun òun gbé wa, pé odò á gbé wa dé ọ̀sà, afẹ́fẹ́ á sì ṣe ìyókù. Ìgbòkun wo? Àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n ta mọ́ òpó igi láàárín ọkọ̀ ni o! Mo ní ká padà sílé. Màámi bi mí pé ṣé bí ìgbàgbọ́ mi ṣe kéré tó nìyẹn.

Bàbá pín jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó fún wa. Kí la fi ṣe? A fi ṣe tìmùtìmù, torí pákó le fún ìdí.

Kí n má purọ́, ó dùn níbẹ̀rẹ̀. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sí gó-síló, omi ń lọ jẹ́ẹ́. Àfi ìgbà tá a jáde sí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ kan ṣàdédé dé, ìgbòkun wú, ọkọ̀ fì sápá kan.

Màámi fò dìde! Wọ́n ní ká dìde, ká lé ẹ̀mí òkùnkùn lọ. Gbogbo wọn sì dìde lóòótọ́, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ń mi orí. Háà! Omi rọ́ wọlé, ó mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá ọlọ́kọ̀ ń pariwo, "Ẹ jókòó! Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" Màámi ní ká má dá a lóhùn, pé Sátánì ló fẹ́ dá àdúrà dúró.

Màámi ò mọ̀wẹ̀ o. Ẹsẹ̀ wọn ti kan etí ọkọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Mo fa ìró wọn, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Ni mo bá gbá wọn léjìká mú, mo fi gbogbo agbára mi tì wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi! Ìyá tó bí mi! Gèlè wọn bọ́ sínú ọ̀sà, èjìká wọn gbá pákó. Ẹnu ya àwọn tó kù, wọ́n jókòó. Bàbá tú okùn ìgbòkun, ọkọ̀ sì padà dúró dáadáa. A fi abọ́ gbọ́n omi títí a fi gúnlẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé Màámi dúpẹ́? Rárá o! Àkànkẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí láràárọ̀, wọ́n á sì kì mí kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Látọjọ́ náà, "Ìyá Tóbi, ẹ káàárọ̀ o" ni mò ń gbọ́. Sí èmi! Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí wọra. Àbí kí ìyá mi kú sómi, kí n má baà rí wọn fín?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màámi jáde lọ jẹ́rìí. Àyà mi já. Wọ́n ní áńgẹ́lì kan ló gbá àwọn léjìká mú, tó fi àwọn jókòó. Ṣọ́ọ̀ṣì hó! Àwọn tá a jọ wọ ọkọ̀ ń wò mí, mo dorí kodò. Màámi padà wá síbi tí mo wà, wọn ò wojú mi.

"Àkànkẹ́," wọ́n ní, "sún díẹ̀, kí n jókòó."

Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín, kẹ́ ẹ sì jókòó gbàdúrà. Ọlọ́run ń gbọ́ tìjókòó náà! Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣe ohun tó dun òbí yín rí, kí ẹ lè gba ẹ̀mí wọn là? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ẹ sáà má jẹ́ kí Màámi gbọ́ pé mo kọ ọ́ o. Áńgẹ́lì ni wọ́n ní.