Kẹ́tùlù Ìyá Mi Nínú Ilé Àlejò

Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún yẹn, òórùn ọ̀dà àti ti fóòmù tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀. Òórùn mìíràn ni wọ́n fi ń mọ ilé bàbá mi ní Ìtokò tẹ́lẹ̀: tùràrí tí ìyá mi máa ń jó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àti àwọn ike tuntun tó máa ń kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Kútọ̀ kò gbà wọ́n tán. Ike ló tà títí ó fi dàgbà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, pàápàá jù lọ kẹ́tùlù tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rìn nílé wa tí kò ní fẹsẹ̀ kọ kẹ́tùlù.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Bí o bá dúró ní fèrèsé òkè, wàá rí àpáta Olúmọ bí ẹni pé o lè na ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bàbá mi kú, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ògiri ẹ̀yìn sì lanu. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ní ká ta ilé náà. Ẹnìkan ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ wó o kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, kò pariwo, kò sunkún. Èmi nìkan ló pè sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ibi tí bàbá yín gbé mi wá nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó nìyí. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kó mi kúrò níbẹ̀.” Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí agbára rẹ̀ ká a.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Níkẹyìn ó ní òun á tún ilé náà ṣe, ká sọ ọ́ di ilé tí àwọn èèyàn Èkó tó ń wá gun Olúmọ lásìkò ìsinmi á máa háyà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí àlejò bá ń wá dáadáa, a ò ní tà á. Bí wọn ò bá wá, ká má tún bá òun jiyàn mọ́. Ìyá wa á máa gbé nínú yàrá méjì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣebí àlejò náà ni? Kí ló tún kù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju kí n gbàlejò lọ?” Inú mi dùn débi pé n kò fọkàn sí ohun tó sọ yẹn rárá.

Ìkẹjà ni ọ́fíìsì mi wà, rélùwéè ni mo ń wọ̀ lọ tí mo ń wọ̀ bọ̀, nítorí náà ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń lọ rajà ní Òkè-Ìlewó. Mo rò pé ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì tó sì ní omi ti tó fún àlejò. Áà! Ẹ̀gbọ́n mi ń fi fọ́tò ilé àwọn ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àlejò òde òní fẹ́ aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun báláú, ó fẹ́ ìrọ̀rí mẹ́rin fún orí méjì. Ó fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná jáde lára ògiri, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ségesège, iná tí kì í lọ bí wọ́n tilẹ̀ mú iná gbogbo àdúgbò lọ, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àti kẹ́tùlù oníná kékeré tí yóò máa fi se tíì. Táwẹ̀lì pàápàá, wọn kì í kàn kó o sílẹ̀, ṣe là ń ká a bí ẹní. Mo ń ra èyí, mo ń kó tọ̀hún jáde. Mo kó àga gbọọrọ bàbá mi jáde, mo kó awọ àgbò tó fi ń kírun, mo sọ fọ́tò Mẹ́kà kalẹ̀ lára ògiri. Ìyá mi bá mi di etí awọ náà mú, a sì jọ ká a.

Ohun kan ṣoṣo lòun náà fi kún un. Ó mú kẹ́tùlù ike aláwọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan lọ́jà rẹ̀, ó gbé wọn sínú gbogbo balùwẹ̀. Mo gbé wọn kúrò. Nígbà tí mo fi máa padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti wà níbẹ̀. Mo ní, “Màámi, àwọn tó ń bọ̀ yìí kò nílò rẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò yó. “Àlejò wo ni kì í fọ ara?” Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Tọkọtaya kan láti Èkó ló kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ kejì, mo wà nínú rélùwéè nígbà tí ọkọ pè mí. Ohùn rẹ̀ ń ṣe jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn bá fẹ́ sọ ohun tó ń tì í lójú. Ó ní, “Àńtí, ilé yín dáa gan-an o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Màmá ti wà ní pálọ̀ láti àárọ̀.” Ìyá mi kírun àsùbáà tán, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn bó ti ń ṣe láti ìgbà ìyàwó, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà sórí tábìlì, ó wá jókòó kí wọ́n jí kó lè kí wọn. Nígbà tí ọkọ jáde tòun ti táwẹ̀lì nídìí, ìyá mi kí i kú ìdìde, ó béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ó béèrè ọmọ ìlú ibi tó jẹ́, ó sì wà lórí pé ta ni bàbá ìyàwó nígbà tí ẹni ẹlẹ́ni sá padà sí yàrá. Bí mo ti ń tọrọ gáfárà ni ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí bó ṣe ṣe àwọn wọ̀nyí náà ló ṣe àwọn tó tẹ̀lé wọn.

Mo lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, “Màámi, ẹ má wọlé lọ bá wọn mọ́.”

“Èétirí? Kí àlejò sùn nílé mi, kí n má kí i?”

“Wọ́n fẹ́ dá wà ni.”

“Kí wọ́n dá wà? Ṣé ara wọn ò yá ni?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ náà wò ó. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àlejò bá sùn tí onílé ò kí i láàárọ̀, ìjà ló wà ńbẹ̀ yẹn. Ó dáa, ó ní òun gbọ́. Ó gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ tún mú un lọ. N kò lè bínú sí i, n kò sì lè bínú sí àwọn àlejò. Wọ́n háyà ilé, wọn ò háyà ìyá. Àwọn kan wá kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á lórí fóònù, pé ilé náà mọ́, ohun gbogbo ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà kan á kàn ṣàdédé wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń béèrè ilé náà ti ń dín kù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. “Ìwọ lo ní ká má tà á. Ṣé kí n pe ọkùnrin tó fẹ́ rà á yẹn padà?” Ó ní ohun tó kù ni ká yọ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, ká fi irú tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí i. Nítorí kí wọ́n má baà gbalé lọ́wọ́ ìyá mi, ó di dandan kí n tì í mọ́ ìta. Mo wá ọ̀nà mìíràn títí, n kò rí. Mo sunkún nínú rélùwéè lọ́jọ́ yẹn, n kò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Bí àlejò bá ti lọ ni nọ́ńbà náà ń yí padà, nítorí náà kò sí èyí tí mo lè fún un kó dì mú. Ó dúró wo oníṣẹ́ bó ti ń kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wà nínú kókó tó ta sí etí ìró rẹ̀. Ó tú u, ó fi í sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná díẹ̀ láti ara rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn náà, mò ń fi aṣọ wọ ìrọ̀rí nítorí àwọn tó máa dé ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn ti fúnra rẹ̀ tì lẹ́yìn mi. Mo bá gbọ́ ohùn láti ìta.

“Àgò onílé o!”

Mo mọ ohùn náà, àmọ́ n kò mọ gbólóhùn yẹn mọ́ ọn lẹ́nu. Láyé mi, n kò gbọ́ kí ìyá mi kágò lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí. Òun ló máa ń wà nínú ilé tó ń dáhùn, láti ibi ìdáná, láti orí ẹní ìkírun, pé “Àgò yà, ẹ máa wọlé.” Ó tún un ké. “Àgò o!” Mo fẹ́ dáhùn pé àgò yà. Onílé ló ń dá àgò lóhùn, ta sì ni onílé? Mo kàn sáré lọ ṣílẹ̀kùn ni. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé kẹ́tùlù aláwọ̀ ewé tuntun dání.

“Ẹ kúulé o,” ló wí fún mi. Fún èmi, ọmọ tó bí. Ó ní èyí tó wà ní balùwẹ̀ òkè ti sán, òun ní kí òun gbé òmíràn wá. Kò wọlé títí mo fi ní kó wọlé. Kò jókòó títí mo fi ní, “Ẹ jókòó, Màámi.” Ó jókòó sí etí àga tuntun náà, ó wo ògiri, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ibi tí àga bàbá mi wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ilé yín dáa o. Ọlọ́run á jẹ́ ẹ gbádùn rẹ̀.” Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Ó ṣàdúrà náà tọkàntọkàn, bí àlejò rere ti ń ṣe.

Kí àsìkò òjò tó dé, ó ní òun fẹ́ lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Wásinmi. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dáa. Bí mo bá lọ kí i, n kò tíì parí àgò tó ti ń dá mi lóhùn láti inú lọ́hùn-ún, àbúrò rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín pé ó ti gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́.

A ò ta ilé Ìtokò. Àlejò ń wá, wọ́n sì ń yìn wá pé kò sí ohun tí àwọn wá tí àwọn ò rí. Èmi nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tó kù náà ní Òkè-Ìlewó. Bí mo bá lọ tún ibẹ̀ ṣe lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó tẹ nọ́ńbà, mo máa ń kágò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú ilé. Mo máa ń dúró díẹ̀ náà ni, lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí.