Ohun tí Ìyàwó Alágbẹ̀dẹ Ń Jẹ fún Ọdún Méje

Mi ò jókòó ní kíláàsì rí láyé mi. Bí mo ṣe wá di ẹni tó ń bá àwọn ọkùnrin jiyàn lórí ìwé àwọn àgbà òǹkọ̀wé, òun ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Àpò ni mo ń rán nígbà yẹn, ní Apapa. Àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà tó bá ti ya nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn á kó o wá sí abẹ́ páànù wa nítòsí Wharf Road, àwa obìnrin á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an, wọn á sì tún lò ó. Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá láràárọ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, búrẹ́dì ti wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àpò kì í tán, torí kò sí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ tí àpò kì í ya nínú ẹ̀.

Àwọn tó ń já ẹrù, tí à ń pè ní dọ́kà, ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní gáǹgì, ni wọ́n máa ń pè wọ́n wọnú ọkọ̀. Ẹni tí wọn ò bá tíì pe gáǹgì rẹ̀, orí àpò mi ló ń wá jókòó sí, nítorí àpò rọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ. Ibẹ̀ ni akọ̀wé kan ti ń kàwé fún wọn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ni akọ̀wé yìí ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó sì ní ìwé Yorùbá àtijọ́ tó ń kó sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Ó ní àwọn tó kọ wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí òun. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Òkú ló ń sọ̀rọ̀, alààyè ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bínú, ẹnì kan tiẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan ó ní òun ò gbọ́ mọ́, pé òǹkọ̀wé yẹn bú àwọn ará ìlú òun.

Òfin kan wà tí wọ́n fi ń kàwé náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ iwájú nígbà tí ẹnì kan nínú wọn bá wà nínú ikùn ọkọ̀. Bí ìtàn bá dé ibi tó dùn jù lọ, tí olórí gáǹgì bá fọn fèrè, akọ̀wé á pa ìwé dé, ó di ìgbà tí gbogbo wọn bá tún pé. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ iléèwé lè kà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwa lè wà lórí ẹ̀ títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ tí á fi dá.

Dọ́kà àgbà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Alùfáà nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Bí ìyà bá ń jẹ ẹnikẹ́ni nínú ìwé, ọkùnrin yìí á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ṣàdúrà fún un.

“Alùfáà, ẹni inú ìwé mà ni!”

“Ta ló sọ fún ẹ pé àdúrà ò lè wọnú ìwé?”

Ẹnì kejì tó tún máa ń wà níbẹ̀ ni awakọ̀ tírélà kan, ọmọ Ùròbò, tí Yorùbá ìjìnlẹ̀ ò yé dáadáa. Wọn á máa fi pijin ṣàlàyé fún un, òun náà á wá máa fi pijin ja ìjà tirẹ̀. Èmi ò jẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ń rán àpò mi, etí mi ló ń kàwé.

Ìwé tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí, ti alágbẹ̀dẹ kan ni. Irin tán ní ìlú wọn, ó bá gbéra lọ wá irin lọ sí ìdí òkè kan tó jìn. Ohun tójú rẹ̀ rí lọ́nà pọ̀. Òǹkọ̀wé náà lè fi ojú ewé mẹ́ta sọ bí alágbẹ̀dẹ yìí ṣe sọdá odò kan ṣoṣo, omi náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ta sí ọ lára. Àwọn dọ́kà fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akọ̀wé wá kà á dé ibi tí ìwé náà ti rántí ilé alágbẹ̀dẹ. Ìlà kan péré ni. Ó ní ìyàwó rẹ̀ dúró dè é fún ọdún méje. Lẹ́yìn ìyẹn, a tún padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

N ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

“Kí ló ń jẹ?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Akọ̀wé ní, “Ta ni, mà?”

“Ìyàwó náà. Ọdún méje. Kí ló ń jẹ?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Ìyá Alápò, ẹ̀yin kúkú ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí!” Òmíràn ní ohun tí òǹkọ̀wé ò bá kọ, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún òun, nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ tán, ó lu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ itan, “Na true o! Wetin di woman dey chop? Seven years no be beans!”

Alùfáà ní, “Ẹ̀wà náà ló ń jẹ.” Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi bèèrè. Ọkọ mi, kúùkù ọkọ̀ ojú omi ni. Èbúté Apapa yẹn ló ti bá ọkọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi mílíìkì àti ọṣẹ rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí èmi àti ọmọbìnrin wa. Nígbà tó yá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dé, wọn ò rí i mọ́. Ẹnì kan ní ó sọ̀kalẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Òmíràn ní ó ṣàìsàn. Mo dẹ́kun bíbéèrè.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a ka ìlà yẹn ni àbúrò ọkọ mi wá láti ilé, ó bá mi nídìí àpò. Mo kúnlẹ̀ kí i, ọkọ mi náà ló ń jẹ́, bí mo tiẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Ó ní, “Ìyàwó wa, àwọn àgbà ilé ló rán mi. Wọ́n ní ẹni tó lọ sórí omi tí kò dún, tí kò fọhùn, ó ti lọ nìyẹn. Kí o wá sílé wá ṣọ̀fọ̀. Bí o bá ṣe é tán, wọn á fà ọ́ lé mi lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe é.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ó wù yín?”

Ó yọ fìlà, ó họ orí. “Ó wù mí, kò wù mí, ìyàwó ilé kì í bọ́ sọ́nà. Bí oṣù yìí bá parí, mo ń bọ̀ wá gbọ́ èsì.”

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ ṣọ̀fọ̀, mo ti fi ẹnu ara mi pa ọkọ mi nìyẹn, mo sì di ìyàwó ẹlòmíràn. Bí mo bá kọ̀, wọn á bi mí pé kí ni mò ń dúró dè, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ti kú, n ò lè bi í. Obìnrin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó wà nírú ipò mi, inú ìwé ló wà.

Mo wá fẹ́ gbọ́ òpin ìwé yẹn kí oṣù tó parí. Àfi bí ìgbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi gbọ́! Ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń gúnlẹ̀. Bí Alùfáà bá jáde, àwọn tó kù á wọlé. Mo pe akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ ti kà á tán rí, àbí?”

“Mo kà á nígbà tí mo wà ní iléèwé, mà.”

“Kí ni ìyàwó yẹn wá ṣe?”

Ó ronú títí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo rántí alágbẹ̀dẹ. Mo rántí iwin tó ń sọ̀rọ̀ létí odò. Mo tiẹ̀ rántí orúkọ ajá rẹ̀. Mi ò rántí ìyàwó yẹn rárá.”

“Ẹ ṣí i wò nígbà náà.”

“Òfin ńkọ́, mà? Alùfáà wà nínú ọkọ̀.”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé. Ó fẹ́ ṣí i, kò ṣí i. N ò sì bá a jà, torí bó bá ṣe pé èmi ni mo wà nínú ikùn ọkọ̀, n ò ní fẹ́ kí wọ́n kà á lẹ́yìn mi.

Oṣù ku díẹ̀ kó parí ni òjò dá iṣẹ́ dúró, gbogbo wọn bá pé sábẹ́ páànù. Akọ̀wé kà á débi òpin. Alágbẹ̀dẹ dé pẹ̀lú irin. Ìlú yọ̀. Ọba fún un lóyè. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún un, ó mu, ó sùn. Ó parí.

Mo ní, “Kò sọ̀rọ̀?”

“Kò sọ̀rọ̀, mà.”

Iyàn wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní àgbà òǹkọ̀wé ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí a lè rò ó ni. Awakọ̀ ní irọ́ ni, ó gbàgbé obìnrin náà ni, bí akọ̀wé ṣe gbàgbé rẹ̀. Alùfáà ní kò dáa kí a máa dá òkú lẹ́jọ́, kò lè wá wí tẹnu rẹ̀. Akọ̀wé wá yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ rò pé ó ṣe?”

Òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo ní láti gbé ohùn sókè. Mo ní, obìnrin yẹn jí láàárọ̀, ó wá ohun tí àwọn ọmọ á jẹ. Ó bá àwọn tó ń ṣe epo pupa ṣiṣẹ́ ní ẹbu. Ọmọ kan ṣàìsàn, ara rẹ̀ yá. Ó bá ará ilé jà, wọ́n parí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín láwọn ọjọ́ kan tí kò rántí alágbẹ̀dẹ rárá. Níbi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé èmi fúnra mi. Mo ní, “Kò dúró. Ẹni tó padà dé ló ń pè é ní dídúró.”

Alùfáà ní, “Ó ṣeé ṣe.” Awakọ̀ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n ti tún ń jiyàn.

Nígbà tí àbúrò ọkọ mi dé, mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì sọ èsì mi. “Ọkọ mi, mi ò ní ṣọ̀fọ̀ ẹni tí n ò mọ̀ pé ó kú. Mi ò sì ní sọ pé mò ń dúró de ẹnikẹ́ni. Mo wà ní Ajégúnlẹ̀, mò ń rán àpò, mò ń tọ́ ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sọ fún wọn.”

“Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ìwé ni.”

“O mọ̀wé?”

“Mo gbọ́ ọ ni.”

Inú bí i. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ mi náà ò sì dé títí dòní, n ò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àbúrò rẹ̀ ò tíì dé ojú títì tó fi padà.

Ó ní, “Ìwé wo ni?”

Mo ní ti alágbẹ̀dẹ kan tó lọ wá irin.

“Ṣé ó rí irin náà?”

Mo tún àpò kan ṣe fún un, ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi dé ibi odò, ó ti ń bá mi jiyàn.