Abẹ́rẹ́ inú àpò ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ gún sí mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí!

Láti ìgbà tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ti ya lóko ẹ̀gẹ́ ni mo ti ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Tube dé, ó fa ìgò kékeré kan àti abẹ́rẹ́ yọ nínú àpò ṣòkòtò.

“Àbúrò, oògùn jíìnì, ti àbùdá inú ara, tí o ka ìròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù rèé! Èyí tó ń kọ́ iṣan bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ ṣe.”

Kò sí orúkọ kankan lára ìgò náà.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo kà á fún yín pé ara ẹranko ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé agídí rẹ kò ju ti ewúrẹ́ lọ ni?”

Màmá wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò na ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ rìn o. Ìdí nìyẹn gan-an tí mi ò fi gbà.

Mo dìde, mo di ògiri mú, mo ń ṣe eré ìmárale tí wọ́n kọ́ mi ní ọsibítù Ìláròó. Ó ń dùn mí, mo ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń bínú, síbẹ̀ ó wá di apá mi mú.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ó gbà á?