Iná Tó Yẹ Kó Wà Lójú Títì Veddel

Nígbà tí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ìjọba Hamburg lónìí kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Veddel, àdúgbò kan ní ìlú náà, ipò nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ń wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọjú láti inú ìbọ̀sẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wò ó," obìnrin tó jókòó tì mí sọ, "àtàǹpàkò gan-an ń tọrọ ìbò."

Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin mi. Títì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté ló wà láàárín ilé wa àti iléèwé rẹ̀, kò sì sí Ampel, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, níbẹ̀. Ó ní iná yóò dé. Kó tó dé, kí n máa mú àwọn ọmọ gba abẹ́ afárá rélùwéè. Ó jìn, àmọ́ kò léwu.

Láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo kó ọmọ mọ́kànlá, tèmi àti tàwọn aládùúgbò, gba abẹ́ afárá. Láàárín ìgbà náà, ó wọ ilé aṣòfin, ó sì di Senator, bíi kọmíṣọ́nnà nílé, tó ń bójú tó ojú ọ̀nà. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé ọmọ wa ló gba ipò.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Wọ́n ti ka àwọn tó ń sọdá títì náà láàárọ̀: kò sí ọmọ kankan. Nítorí náà, kò sí ìdí fún iná. Òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú.

Mo pè é. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gba abẹ́ afárá!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ojú títì lọ́sẹ̀ kan péré," ó dáhùn. "Màá ní kí wọ́n tún un kà."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo kó wọn dé etí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbé fìlà ọmọ mi lọ. Mo kó gbogbo wọn padà sí abẹ́ afárá. Ọkùnrin náà mọ̀ pé mi ò ní lè ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Spandau, ní Berlin. Ọkùnrin náà ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ní Veddel lòun ti kọ́ bí a ṣe ń mú ìlérí ṣẹ.

"Mama, ist das der mit den Socken?"

"Òun ni, oníbọ̀sẹ̀ yẹn."

Ọmọ mi pa tẹlifíṣọ̀n náà. A jáde lọ ra búrẹ́dì. Iná iwájú ilé rẹ̀ ti fún wa láyè láti kọjá, síbẹ̀ mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọmọ ọdún méjìlélógún. Kò já a gbà.