Ẹni Kẹwàá Tó Ń Jowú

Gbogbo ará ìjọ Júù wa nílùú Ruse ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Buko Kalderon àti Sultana Pinkas dúró nínú yìnyín. Àwa mẹ́jọ ti wà nínú sínágọ́gù. Bàbá Alkalai fẹ́ gba àdúrà òkú fún ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá kó tó lè gbà á. Àwọn méjì tó kù rèé ní òdìkejì títì, wọ́n ń wo ara wọn bí àkùkọ méjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọlé.

"Bọ̀dá Buko, ẹ wọlé, àgbà ló ń ṣíwájú," ni Sultana wí.

"Rárá o. Obìnrin ni kó kọ́kọ́ wọlé."

Ìwà ọmọlúàbí kọ́ o, owú pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹni kẹsàn-án lásán ló máa jẹ́, ẹni kẹwàá sì ni gbogbo wa máa ń dìde kí.

Télọ̀ ni Buko. Kò níyàwó, kò bímọ, kò sì mọ àdúrà kankan délẹ̀. Kò síbòmíràn láyé tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ àfi ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ á fara pamọ́, á máa ka orí wa. Tí mẹ́sàn-án bá ti pé, á wá yọ bí ọkọ ìyàwó. A ó ní, "Buko, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ." Á ní ká máa ṣọpẹ́. Èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló dìde kí mi rí?

Nígbà tó yá, ìjọ dìbò pé ká máa ka obìnrin mọ́ mẹ́wàá. Buko nawọ́ sókè, ó ní ó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò ro ibi tó máa já sí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Sultana, opó tó ń tọ́jú eyín, wọlé ṣe ẹni kẹwàá, a dìde kí i. Buko dé, ó bá wa lẹ́nu orin. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan ìpápánu burekas, Buko tó máa ń jẹ mẹ́fà. Ó ní obìnrin yẹn ń yára rìn jù. Sultana náà ti tọ́ adùn ipò ẹni kẹwàá wò, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ yìnyín. Nígbà tó sú Bàbá Alkalai, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde lọ bá wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyàwó mi ń dúró dè yín."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà, bọ́tìnì Buko já. Bàbá rọra tẹ̀ lé wọn wọlé, òun ló wá ṣe ẹni kẹwàá. Odidi oṣù kan ni Buko fi ń jowú bàbá arúgbó.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá ni Buko sùn tí kò jí. Kò lọ́mọ tó máa gba àdúrà òkú fún un. Sultana ló dìde, ó ní òun ni yóò gbà á, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn òun ló kọ́kọ́ dé, ó ti gba ipò tèmi. A ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a pé mẹ́sàn-án.

Sultana wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wò ó, ó tún ti dá wa dúró."

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ẹni tí a fẹ́ gbàdúrà fún gan-an ló kù ká pé.