Adágún Tí Ìyá Mi Fọ̀

Bí mo bá rántí adágún yẹn, àwọ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ilá. Láàárọ̀, nígbà tí kùrukùru bá ṣì bo àwọn òkè apá Òkè-Onígbìn, omi náà a dákẹ́ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ẹja epìyà a yọ ẹnu síta díẹ̀, òrùka kékeré a là lójú omi, a máa gbòòrò lọ títí yóò fi kan bèbè. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn àsùbáà, wàláà mi lórí itan, n ó máa ka kéwú mi fún àwọn ẹja.

Bàbá mi ló gbẹ́ adágún náà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, Èkó ló wà, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ọdún Iléyá nìkan la sì máa ń rí i. Ẹja inú yìnyín kún ọjà Òmù-Àrán nígbà náà. Ta ni yóò ronú àtisin ẹja? Nígbà tó yá, nǹkan le, wọ́n dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó padà wálé pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì fóòmù kan àti ọgbọ́n ẹja sísìn tó kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. Ó sọ fún ìyá mi pé bí ẹja náà bá yè, òun kò lọ mọ́. Bí kò bá yè, òun á bá ọkọ̀ akẹ́rù iṣu padà sí Èkó. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń fi ẹja sínú àdúà rẹ̀.

Bàbá mi kó ìgbẹ́ adìyẹ sínú àpò, ó rì í sétí omi kí omi lè tutù bí ewé. Ó da ìkòkò dé orí ṣùkù àgbàdo tó ti rin, kí ikán lè kóra jọ sábẹ́ rẹ̀, a ó sì gbọn ikán náà sí omi fún ẹja. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbin iṣu nítòsí, kì í jẹ́ kó sinmi.

“Ará Èkó, o wá ń sin ẹja bí ẹni ń sin ewúrẹ́! Okùn wo lo máa fi so wọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sanra ná. Bí ọbẹ̀ bá délẹ̀, ẹ ò ní bèèrè okùn.”

Wòlímà ìparí kéwú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin àti Bàbáńlá. Àáfà ni bàbá tó bí ìyá mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti mọ̀ pé omi tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí padà kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá. Ojú ń tì í pé àwọn àáfà ńlá yóò rí irú omi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bàbá mi lọ sí Òmù-Àrán lọ ra ìrẹsì. Kó tó dé, ìyá mi ti gún álọ́ọ̀mù nínú odó, ó wọ́n ọn sínú adágún, ó fi ìgbálẹ̀ rò ó, bó ṣe máa ń ṣe sí omi mímu nínú àmù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ti dá gaara. A rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a rí òkúta, a rí òjìji ẹja lórí yanrìn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fò nínú rẹ̀. Títí dòní, n kò tíì rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

“Alhamudu lilahi,” ni ìyá mi wí. “Omi ti di omi.”

Bàbá mi dé bèbè, ó dúró. “Ta ló kó oúnjẹ ẹja mi dànù?”

“Oúnjẹ wo, bàbá àwọn ọmọ mi? Ìdọ̀tí ni mo mú kúrò.”

“Àwọ̀ ewé yẹn ni wọ́n ń jẹ. Òun náà ló ń fún wọn léèémí.”

Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ti ń dojú ikùn sókè. Bàbá mi kò bínú rárá, èyí ló sì dẹ́rù ba ìyá mi jù. Ohun tó kàn bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìgbà tí ọkọ̀ iṣu yóò lọ.

Àwọn àlejò dé, wọ́n ń yìn ín: “Ìyá, omi yín mà mọ́ o!” Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń fi pàṣán ìyìn nà.

Lẹ́yìn wòlímà, bàbá mi la omi odò wọ inú adágún láti fọ álọ́ọ̀mù náà kúrò, ìyá mi sì gba iṣẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ àti ikán lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi kọ́ ọ pé kó máa ti apá bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́. Bó bá ṣì rí ìka rẹ̀, ebi ń pa ẹja. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ibẹ̀ ló ń lọ. Ojoojúmọ́ ló ń rí ìka rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé agbọ̀n ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

“Kì í ṣe ti ẹja ni mò ń ṣe o,” ló wí. “Ọbẹ̀ ni mò ń gbìn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ iṣu yóò lọ, bàbá mi ti di ẹrù rẹ̀. Awakọ̀ ń fọn fèrè létí títì. Ìyá mi kúnlẹ̀ ní bèbè, apá rẹ̀ nínú omi.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ wá o! N kò rí ìka mi!”

Bàbá mi wá, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ti apá tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ẹja kan wá fi ẹnu kan ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi, ó sì lọ.

“Èmi náà kò rí tèmi,” ló wí.

Awakọ̀ tún fọn fèrè. Bàbá mi kò dìde. Ó kígbe gba orí èjìká rẹ̀ pé kí ọkọ̀ máa lọ.